Etí Ló Ń Lu Ìlù: Ìrírí Mi Nídìí Rọ́ọ̀kì, Ní Sítúdíò àti Nídìí Ìkọ́ni

Ìlù ni mo fi jẹun láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù títí ó fi funfun. Mo lu rọ́ọ̀kì nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń fi ẹnu ṣòkòtò gbálẹ̀ kiri Yaba. Mo lu ìlù sínú àwo ọ̀pọ̀ olórin, orúkọ mi kò sì sí lẹ́yìn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní báyìí, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kọ́. Ẹni tó bá ń wá ìtàn olókìkí, kó yáa kọjá. Àmọ́ bí o bá bí ọmọ tó ń fi ṣíbí lu tábìlì láàárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ìwọ alára lò ń jókòó sídìí jáàsì, ọ̀wọ́ ìlù òyìnbó, ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí o wá ń rò ó pé bóyá èèyàn lè fi í ṣe iṣẹ́ jẹun, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju pé etí ló ń lu ìlù lọ. Ọwọ́ kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí etí rán an ni.

A kì í ṣe ọmọ Àyàn. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Àyàndélé tàbí Àyànwálé nílé wa. Rélùwéè ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ ní Ebute Metta, akọ̀wé ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Lójú tirẹ̀, onílù ni ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà òde ìyàwó, tó ń ki ẹni tí kò mọ̀ rí nítorí kọ́bọ̀. “Ṣé nítorí kí o lè di alágbe ni mo ṣe rán ọ níléèwé?” Ó bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àlejò bá béèrè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èsì rẹ̀ ni pé, “Ó wà ní Apapa.” Àlejò á mi orí, á rò pé ibùdókọ̀ ojú omi ni. Apapa ni sítúdíò wà lóòótọ́, bàbá mi kò parọ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń fún wa lóúnjẹ níbi tí a ti ń lù ú.

Ogun abẹ́lé parí ní 1970, nígbà yẹn highlife àwọn bàbá wa ti ń sú wa. Hendrix, Santana, Led Zeppelin àti James Brown ni à ń gbọ́. Ọdún yẹn kan náà ni James Brown fúnra rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, àwọn ọmọ báńdì rẹ̀ sì lọ wo Fela. Ní 1971, Ginger Baker, onílù báńdì Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà wakọ̀ dé Èkó. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé ó kọ́ sítúdíò sí Ikeja, wọ́n sì ṣí i ní 1973. Laolu Akins tó jẹ́ onílù àti Berkley Jones onígìtá ti bá a ṣe báńdì kan tí wọ́n ń pè ní Salt. Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti mú Mike Odumosu mọ́ra tí wọ́n sì dá BLO sílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta péré ni wọ́n, àmọ́ bí o bá wà lójúde, o ò ní gbà pé wọn kò ju mẹ́ta lọ. Joni Haastrup wà nídìí báńdì Monomono. Ìgbà tí àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory’s ní Obalende wá gbé àwo jáde lórúkọ Ofege, kò sí ọmọ fọ́ọ̀mù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ní Èkó tí kò gbà pé ó ti kàn án.

Wàhálà ibẹ̀ ni irinṣẹ́. Owó tí wọ́n ń ta ọ̀wọ́ ìlù Premier kan, bàbá mi á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ra nǹkan tó ní táyà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ni irinṣẹ́ ló ni báńdì: òtẹ́ẹ̀lì, sójà kan tó fẹ́ràn fàájì, tàbí oníṣòwò tó ń wá ohun tí yóò máa fi ṣe yàngàn. Bí inú bá bí i lálẹ́ òní, kó ti yàrá irinṣẹ́ pa, báńdì ti túká nìyẹn. Ọ̀kan nínú irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ gba gìtá lọ́wọ́ onígìtá níwájú èrò, orin kò tíì parí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọ́jú owó. N kò ra ọ̀wọ́ ìlù. Snare kan, ìlù pẹlẹbẹ tí okùn irin wà lábẹ́ rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà mo ra ẹsẹ̀ irin tí wọ́n fi ń lu ìlù ilẹ̀, ìyẹn ìlù ńlá tó jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà cymbal méjì, àwo idẹ tí wọ́n ń fi igi lù. Àwọn mẹ́ta yìí ni ohùn onílù. Ìyókù, tẹni ẹlẹ́ni tó. Títí dòní, bí ọmọ tí mò ń kọ́ bá ní òun fẹ́ ra ìlù, ohun tí mo máa ń sọ fún un nìyẹn, inú rẹ̀ kì í sì dùn, nítorí ìlù aláwọ̀ pupa tó ń dán ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ má bá mi bínú sí rọ́ọ̀kì. Àwọn kan ń sọ pé ariwo lásán ni, wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn tí à ń lò nígbà yẹn, máìkì kì í sí fún ìlù. Onígìtá ní ẹ̀rọ tó ga tó mi, onibéèsì ní tirẹ̀, olórin ní máìkì; ìwọ ní igi méjì àti apá rẹ. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kò bá gbọ́ snare, kò ní jó, bí kò bá sì jó, wọn ò ní pè yín mọ́. Onílù rọ́ọ̀kì ń fi gbogbo èjìká lù ú nítorí pé ó pọn dandan ni. Rọ́ọ̀kì fún mi ní agbára láti lu orin fún wákàtí mẹ́rin láì jẹ́ kí ó fà, ó sì mú ìtìjú kúrò lára mi. Ohun tí kò fún mi ni etí. Bí ariwo bá ti tó bẹ́ẹ̀, ara rẹ nìkan lo ń gbọ́.

Empire Hotel ní Idi-Oro, níbi tí Fela sọ di Shrine, ni mo ti rí ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Tony Allen, onílù Fela, jókòó sídìí ìlù bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Kò gbé apá sókè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ òsì ń dá a lóhùn níbi tí o kò rò, hi-hat, cymbal méjì tí ẹsẹ̀ ń pa pọ̀, á yanu díẹ̀, á tún pa á dé. Mo kọ́kọ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò yé mi. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ó máa ń yí orí sí ọ̀dọ̀ onibéèsì àti onígìtá, kì í sì í wo ìlù tirẹ̀ rárá. Ọkùnrin yìí, wọ́n bí i ní Èkó ní 1940, iṣẹ́ rédíò ni ó ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlù, òun ló sì kọ́ ara rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó ṣe ni pé ó pín iṣẹ́ ìyáàlù, omele, gúdúgúdú àti agogo fún ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, ó wá jókòó ti wọn bí bàálé. N kò lè lù ú bẹ́ẹ̀, n kò tíì lè lù ú bẹ́ẹ̀ títí di òní, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí.

Ọdún 1973 náà ni Paul McCartney, ọmọ ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá gba àwo kan ní sítúdíò EMI ní Wharf Road, Apapa. Ìtàn yẹn, àwọn onígìtá ń sọ ọ́ lọ́nà tiwọn, àwa onílù ní tiwa. Denny Seiwell tó ń lu ìlù fún un fi í sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú. Paul kò wá onílù mìíràn. Ó jókòó fúnra rẹ̀, ó lù ú. Inú bí wa! Onílù mélòó ló wà láti Apapa dé Mushin tí wọn kò pe ẹyọ kan? Fela ní tirẹ̀ fẹ̀sùn kàn án pé orin wa ló wá jí, wọ́n sì yanjú rẹ̀. Orin kan nínú àwo yẹn, sítúdíò Ginger Baker ní Ikeja ni wọ́n ti lọ gbà á. Nígbà tí àwo jáde tí mo jókòó tì í dáadáa, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlù náà kò ní àrà kankan. Ó kàn lẹ̀ mọ́ béèsì pinpin ni, nítorí Paul náà ló ta béèsì. Etí kan ṣoṣo ló lu méjèèjì. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bí mo bá lè máa gbọ́ onibéèsì bí ẹni pé ọwọ́ tèmi ni, mo ti rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Ọ̀nà tí mo gbà dé ìdí sẹ́ṣọ̀n, ìyẹn lílu ìlù sínú àwo olórin mìíràn ní sítúdíò, kò ní ẹwà. Onílù kan kò wá, ẹnì kan mọ ilé wa, wọ́n rán táksí wá gbé mi. Onílù rọ́ọ̀kì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sítúdíò, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá a jà. Téèpù wa nígbà yẹn, ojú ọ̀nà mẹ́jọ tí ohùn ń gbà wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní. Olórin fẹ́ ọ̀kan, àwọn agberin fẹ́ ọ̀kan, fèrè, gìtá, béèsì, kíbọ́ọ̀dù àti kọ́ńgà ń dúró. Ìwọ onílù, bí ojú wọn bá là, wọ́n á fún ọ ní méjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹyọ kan ni. Èyí túmọ̀ sí pé snare, ìlù ilẹ̀, hi-hat àti cymbal jọ wọnú ọ̀nà kan náà, wọ́n ti di àpòpọ̀, kò sí ẹnjiníà tó lè yọ iyọ̀ kúrò lára ọbẹ̀ mọ́. Bí o bá na cymbal jù, ó ti bo olórin mọ́lẹ̀ títí ayé. Nítorí náà ọwọ́ rẹ gan-an ni yóò díwọ̀n: hi-hat kó rọlẹ̀, snare kó yọ díẹ̀, ìlù ilẹ̀ kó dúró gírígírí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ọmọ tí kọ̀ǹpútà ń fún ní ojú ọ̀nà tí kò lópin kò ní mọ ohun tí mò ń wí, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ẹnjiníà kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà, awò ojú rẹ̀ máa ń wà ní iwájú orí. Kí a tó gba ohunkóhun, á jáde wá láti yàrá ẹ̀rọ, á yọ pọ́ọ̀sì rẹ̀ lápò ẹ̀yìn, á gbé e lé etí snare.

“Lù ú.”

Mo lù ú. Tó! Ìró tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ ti kú fin-ín. Á ṣí pọ́ọ̀sì, á yọ owó díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, á kì í bọ àpò àyà, á tún gbé pọ́ọ̀sì padà.

“Tún un lù.”

Ìró náà á gùn díẹ̀. Á dákẹ́, á fi etí sí i. “Ó tó. Orin tòní kì í sáré, jẹ́ kí ó mí díẹ̀.”

Bí orin bá yá, gbogbo owó á padà sínú pọ́ọ̀sì. Bí oṣù bá ti ń lọ sópin, pọ́ọ̀sì yẹn kì í wúwo tó, á di pé kí a máa fi áńkáṣíìfù kún un. Bẹ́ẹ̀ náà la ó ti bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú ìlù ilẹ̀ kí ó má baà máa hó bí àgbá. Bí onibéèsì bá tẹ ohùn kan pàtó, àwọn okùn irin abẹ́ snare á máa gbọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, a ó wá ìlù tí ohùn rẹ̀ bá ti béèsì mu, a ó tú ojú rẹ̀ díẹ̀ kí ó yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Wákàtí kan lè lọ sórí èyí, a kò tíì gba orin kankan. Ọ̀gá kan tó ń náwó sórí àwo bú wa nígbà kan pé ṣé a wá ṣeré ni. Ẹnjiníà náà kò dá a lóhùn, ó kàn gbé etí rẹ̀ sún mọ́ ìlù.

Ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ìwé òyìnbó kankan kì bá tí kọ́ mi ni ọjọ́ tí onígángan kan wà pẹ̀lú wa. Olórin ń ṣàdúrà nínú orin pé ilé á tùbà, ọ̀nà á là. Bó ṣe parí ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi tom mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ìlù tí ohùn wọn yàtọ̀ síra, dá a lóhùn, èyí tó tóbi, èyí tó kéré, èyí tó wà láàárín. Inú mi dùn sí i, ó bọ́ sí i dáadáa. Onígángan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dá téèpù dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?”

“Àbúrò, ṣé o gbọ́ ohun tí ìlù rẹ ń sọ? Wọ́n ń ṣàdúrà, ìwọ ń sọ pé, ‘Kò dára. Kò dára.’”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ìlù tó rẹlẹ̀, èyí tó ga, èyí tó wà láàárín: dò, mí, re. Òyìnbó lè lu ìyẹn láti òwúrọ̀ dalẹ́ ní ilẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè. Àwa, etí wa kì í gbọ́ ohùn mẹ́ta kó má wá ọ̀rọ̀ sí i. Ó ní kí n yí i padà: kékeré, ńlá, àárín. Olórin ní “ọ̀nà á là”, ìlù ní “á là o, á là o” tàbí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ó ti bára mu nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ lu àrà láàárín ìlà orin Yorùbá, mo máa ń fẹnu sọ ọ́ wò lábẹ́ mímí mi ná. Orin Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yẹn, n kì í yọ ara mi lẹ́nu sí i.

Lẹ́yìn náà ni kíliìkì dé, ìyẹn ìró aago tí wọ́n ń fi sí ọ létí kí orin má baà sáré tàbí kó fà. Ọ̀pọ̀ onílù kórìíra rẹ̀. Wọ́n ń lé e bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá bá a tán, wọ́n ti kọjá rẹ̀. Àṣírí ibẹ̀ ni pé bí o bá bá a mu gan-an, o kò ní gbọ́ ọ mọ́, snare rẹ ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí o bá ṣì ń gbọ́ ọ, o ti pẹ́ tàbí o ti yá jù. Ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu bí mo bá sọ fún wọn pé ohun tí à ń wá ni kí aago náà pòórá. NEPA ìgbà yẹn kì í bọ̀wọ̀ fún kíliìkì ṣá o. A lè ti lu orin náà dé ìlà ìkẹyìn, kó mọ́ bí ohun tí a ò gbà rí, iná á lọ. Mo mọ agberin kan tó jókòó sílẹ̀, tó sunkún.

Owó ńkọ́? Orin kan, owó kan, lọ́wọ́ sí lọ́wọ́, ó tán. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn olórin ti fi ìlànà lé e: wákàtí mẹ́ta ni sẹ́ṣọ̀n kan, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó lé. Tiwa kò ní wákàtí. A máa ń sùn síbẹ̀. Bí àwo bá tà káàkiri láti Èkó dé Cotonou, tìrẹ ti parí láti ọjọ́ tí o ti gba owó ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ àwo kan tó ti kógbá sílé jẹ mí lówó orin odidi àwo kan, ẹni tí mo bá lọ bẹ̀ níbẹ̀ ní òun rò pé ìfẹ́ orin ni mo fi ṣe é. Ṣé n wá sunkún ni? Clyde Stubblefield tó lu ìlù fún James Brown, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú ìlù rẹ̀ ni àwọn oníràápù gé tí wọ́n sì lò nínú orin tí kò lóǹkà, ó sì kú ní 2017 láì rí èrè tó tó iṣẹ́ yẹn gbà. Hal Blaine tó wà nínú àwo tó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Los Angeles ní àwọn ọdún 1960 ṣe iṣẹ́ ṣẹ́kúríǹtì rí nígbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ fún un. Iṣẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó gbé igi: orin mélòó, ta ló ń san owó, ọjọ́ wo, ṣé orúkọ mi á wà níbẹ̀, báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àní kó jẹ́ lórí WhatsApp. Ojú tì wọ́n láti béèrè, wọ́n rò pé ìwà ìgbéraga ni. Ẹni tó fẹ́ sanwó kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ohun tó lé wa kúrò ní sítúdíò kì í ṣe ènìyàn. Roger Linn, ọmọ Amẹ́ríkà kan, gbé ẹ̀rọ ìlù kan jáde ní 1980 tó jẹ́ pé ìró ìlù gidi ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi dé Èkó. Kì í pẹ́ dé, kì í jẹun, kì í béèrè owó ọkọ̀. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, tún dé ní 1986 tí náírà sì ṣubú, owó awọ ìlù kan ṣoṣo láti òkè òkun di ohun tí èèyàn ń gbààwẹ̀ lé lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gba Abidjan lọ, àwọn kan Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan di oníṣòwò. Laolu Akins ti gbọ̀nà àrà: ó bọ́ sẹ́yìn gíláàsì, ó di pùródúsà, òun ló sì wà nídìí àwo “Ace” tí Shina Peters fi gba ìgboro ní 1989. Etí onílù ló gbé lọ síbẹ̀.

Èmi ní tèmi, ẹ̀rọ yẹn náà fún mi jẹ. Àwọn tó rà á ń tẹ ohun tí ènìyàn kan kò lè lù: hi-hat ń lọ, snare ń dún, tom ń sáré, cymbal tún ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ mẹ́rin ni yóò gbà. Etí olùgbọ́ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n ń pè mí kí n wá yọ èyí tó pọ̀ jù kúrò. Mo ń jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo ń fi ọwọ́ lu itan mi ná, ohun tí ọwọ́ méjì bá lè ṣe ni mo ń tẹ̀.

Bí mo ṣe di olùkọ́ kò gùn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Surulere ra jáàsì tuntun, àwọn ọmọ wọn ń fi í ṣe ogun, alùfáà ní kí n gbà wọ́n. Ìjọ ló ń bọ́ onílù jù lọ ní ìlú yìí lónìí, ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú onílù ṣọ́ọ̀ṣì kò mọ ibi tí ọjà wà. Àwọn ọmọ tó ń wá bá mi báyìí yára jù mí lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí wọn, ìyẹn dá mi lójú. YouTube ti fi ọwọ́ gbogbo ayé hàn wọ́n. Wọ́n mọ àrà tó le, wọ́n sì lè fi ìṣẹ́jú kan lu gbogbo rẹ̀ tán, alùfáà tó ń wàásù á dákẹ́ kó wo wọ́n. Bí mo bá ní kí wọ́n lu ohun kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì yára láì fà, láì fi nǹkan kún un, òógùn á bò wọ́n.

Nítorí náà, n kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìlù lóṣù àkọ́kọ́. Ìrọ̀rí ni. Tony Allen sọ pé Frank Butler, onílù kan ní Los Angeles, ló gba òun nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nígbà tí Fela kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969. Awọ ìlù máa ń dá igi padà sókè fún ọ. Ìrọ̀rí kì í dá nǹkan kan padà, ọrùn ọwọ́ rẹ ni yóò gbé e. Ó tún ní àǹfààní mìíràn ní ilé oníyàrá ojúkojú tí a ń gbé: onílé kò ní lé ọ jáde. Mo á ní kí ọmọ máa fẹnu sọ ọ́ bó ṣe ń lù ú, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún ọ̀tún. Òsì, ọ̀tún, òsì òsì. Paradiddle ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ iléèwé ìlù lágbàáyé ló ń fi í kọ́ni. Tí ó bá ti mọ́ ọn lẹ́nu, mo á ní kó dákẹ́, kó máa gbọ́ mi bí mo ṣe ń fi ìgò àti ṣíbí lu kóńkóló ti agogo lé e lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà sọ́tọ̀. Àwọn kan á fi tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n lè bá mi lọ, àwọn kan á di ojú mọ́ tiwọn gírígírí kí wọ́n má baà gbọ́ mi.

Ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ mú wá, ó ní òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́, gbogbo ìkòkò ilé ló ti tẹ̀. Ọmọ náà kò yára. Ní kíláàsì, àwọn ọkùnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìgò àti ṣíbí, kò wo mí, ó kàn yí orí díẹ̀. Mo mọ́ọ̀mọ̀ fa á, ó fà. Mo yá díẹ̀, ó yá. Mo dá ọwọ́ dúró lójijì, ó ń bá a lọ níbi tó yẹ, nígbà tí mo padà wọlé, a ṣì jọ wà. Mo ní kó dìde, kó lọ jókòó sídìí ìlù. Àwọn ọkùnrin yẹn ní oṣù kò tíì pé. Mo ní mo mọ̀.

Ohun kan tí n kì í fi ṣeré ni ẹ̀ṣọ́ etí. Etí òsì mi, èyí tó kọjú sí hi-hat fún gbogbo ọdún yẹn, ń hó tọ̀sán tòru. Bí ìlù bá ń dún nítòsí rẹ, ariwo rẹ̀ kọjá ohun tí àwọn oníṣègùn ní kí èèyàn gbà fún wákàtí mẹ́jọ dáadáa, ìyẹn décibel 85. Rọ́bà kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí kò wọ́n. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ìrọ̀rí ni yóò lù lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ọmọ alùfáà.

Àwọn òbí máa ń bi mí bóyá kí ọmọ fi ìlù ṣe iṣẹ́. N kì í tàn wọ́n. Ẹni tó fẹ́ lu rọ́ọ̀kì nìkan ní Nàìjíríà, ebi á pa á. Ẹni tó bá lè lu ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kó lu ti òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, kó gba ìlù tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nílé kó fi ránṣẹ́ sí pùródúsà tí wọn kò rí ara wọn rí, kó sì ní akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, á san owó ilé. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orin lójú ìwé pẹ̀lú, iléèwé orin MUSON ní Onikan ń kọ́ni, ó sì ń lànà fún èèyàn. Ìyá ọmọbìnrin yẹn tún bi mí pé èló ni gbogbo rẹ̀ á tó lóṣù. Mo sọ iye tí mo ń gbà fún un ní tòótọ́, ó ronú díẹ̀, ó ní ó ju owó oṣù tíṣà lọ, kó máa bọ̀.